Iṣẹ́ Kọ́ Ni Ó Ń Tú Ilé: Ìtàn Iṣẹ́ àti Ìdílé láti Ìsàlẹ̀ Èkó dé Sùúrùlérè

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ibi tí a bá pè ní orí, a kì í fi í tẹ ilẹ̀. Ilé ni Yorùbá fi ṣe orí gbogbo nǹkan; ibi yòówù tí ènìyàn bá lọ, ilé ni àbọ̀ sinmi oko. Nítorí náà, nígbà tí ẹnikẹ́ni bá sọ pé nǹkan báyìí ni ó ń tú ilé wa, ó yẹ kí á fi etí sí i, kí á sì wádìí ọ̀rọ̀ náà dáadáa kí á tó gbà á gbọ́.

Ẹ̀sùn kan wà tí mo ti gbọ́ títí láàárín àwa akẹ́kọ̀ọ́, tí mo sì ń gbọ́ lẹ́nu àwọn àgbà pẹ̀lú. Wọ́n ní nígbà tí àwọn obìnrin kò tíì mọ ọ̀nà ọ́fíìsì, ilé tòrò. Láti ìgbà tí wọ́n ti di dókítà, lọ́yà, olùkọ́ àti òṣìṣẹ́ báńkì ni ilé ti ń dàrú. Wọ́n ní àṣà òyìnbó ni kí ìyàwó máa jí lọ sí ibi iṣẹ́, pé àṣà Yorùbá ni kí ó jókòó sílé de ọkọ. Ọ̀rọ̀ yìí dùn lẹ́nu, àwọn tí ó sì ń sọ ọ́ kì í ṣe òmùgọ̀, nítorí pé ojú wọn ni ọ̀pọ̀ ilé ṣe tú. Ṣùgbọ́n bí a bá tú ìtàn wò, a ó rí i pé wọ́n dorí ọ̀rọ̀ kodò. Obìnrin tí ó jókòó láìní iṣẹ́ lọ́wọ́ gan-an ni àjèjì ní ilẹ̀ wa. Ohun tí mo fẹ́ ṣe nínú àròkọ yìí ni kí n tọ ipa ọ̀rọ̀ iṣẹ́ àti ilé ní Èkó, pàápàá jù lọ ní Yábàá, Sùúrùlérè àti Múṣin, kí á lè mọ ibi tí ó ti wọ́.

Èdè ni mo ń kọ́ ní yunifásítì, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n ti ibi èdè bẹ̀rẹ̀. Lónìí, bí obìnrin kan bá sọ pé, “Ìyàwó ilé ni mí,” ohun tí a ó gbọ́ ni pé kò ní iṣẹ́ kan tí ó ń mú owó wọlé. Láyé àwọn baba ńlá wa, àwọn obìnrin ilé ni gbogbo ìyàwó tí a gbé wọ inú agbo ilé kan, láti orí ìyálé àgbà títí dé orí ìyàwó tí a gbé lánàá. Ilé tí ó wà nínú ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ìdí ààrò, ìdílé ni. Kò sì sí ẹni tí ó lè fi orúkọ náà pe aláìníṣẹ́, nítorí pé àwọn obìnrin ilé wọ̀nyí ni aláró, ni amọ̀kòkò, ni ahunṣọ, ni elépo, ni aláte, ni alájàpá tí ń rìn láti ìlú dé ìlú. Ọkọ rere a máa fún ìyàwó rẹ̀ ní owó tí yóò fi bẹ̀rẹ̀ òwò. Lẹ́yìn èyí, èrè tí ìyàwó bá jẹ, tirẹ̀ ni. Oko kì í jẹ́ ti baba àti ti ọmọ kí ó má ní ààlà. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni àpò ọkọ àti àpò ìyàwó rí.

Báwo ni obìnrin wọ̀nyí ṣe ń ṣòwò tí wọ́n sì ń tọ́ ọmọ? Ìdáhùn rẹ̀ kò le. Ibi iṣẹ́ kò jìnnà sí ibi tí wọ́n ń sùn. Ìkòkò aró wà ní ẹ̀yìnkùlé, òfì wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ọjà kò ju ìrìn ẹsẹ̀ lọ. Ọmọ wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀. Bí ó bá sì sọ̀ kalẹ̀, ìyá àgbà wà nílé, orogún wà, àwọn ẹ̀gbọ́n wà. Ọwọ́ púpọ̀ ni ó ń gbé ọmọ kan.

Èmi kò sọ pé ayé àtijọ́ dùn bí oyin. Kì í ṣe gbogbo ọwọ́ tí ó ń gbé ọmọ nígbà náà ni ó gbé e tìfẹ́tìfẹ́. Ìwọ̀fà wà nínú agbo ilé, ẹrú sì wà. Ọ̀pọ̀ ọmọdébìnrin ni òbí wọn fi yá owó, tí wọ́n ń pọnmi, tí wọ́n ń gbé ọmọ olówó kiri títí gbèsè yóò fi tán. Ẹni tí ó bá ń yin agbo ilé àtijọ́ láìdárúkọ àwọn wọ̀nyí kò pa ìtàn náà pé. Ṣùgbọ́n kókó ọ̀rọ̀ mi dúró: kò sí ẹni tí ó rò pé iṣẹ́ obìnrin ni ọ̀tá ilé.

Nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì gba Èkó ní ọdún 1861, iṣẹ́ oríṣi mìíràn bẹ̀rẹ̀ sí wọlé. Ní 1896 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí la ọ̀nà rélùwéè, ní 1901 ó dé Ìbàdàn. Èbúté Mẹ́ta, tí kò jìnnà sí Yábàá, ni wọ́n kọ́ ilé iṣẹ́ ńlá sí, níbi tí wọ́n ti ń tún ẹ́ńjìnnì àti wágúnnù ṣe. Ẹni tí ó bá ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ kò lè mú ọmọ dání. Aago ni ó ń pè é wọlé, aago ni ó ń lé e jáde, owó rẹ̀ sì di ti ìparí oṣù. Báyìí ni iṣẹ́ ṣe jáde kúrò nínú ilé. Ọkùnrin ni ó kọ́kọ́ bá a jáde, nítorí pé àwọn ọkùnrin ni ìjọba òyìnbó ń gbà síṣẹ́ jù.

Pẹ̀lú owó oṣù ni èrò tuntun kan bá dé, èyí tí àwọn òyìnbó gbé láti ìlú wọn wá: pé ọkọ nìkan ni olùpèsè, pé ìyàwó ni alábòójútó ilé, pé ẹni tí ó bá ti lọ́kọ kò gbọdọ̀ tún máa wá iṣẹ́. Èyí kì í ṣe àsọdùn. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gan-an, òfin ni pé kí obìnrin tí ń ṣe iṣẹ́ ìjọba fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ bí ó bá ti gbéyàwó. Ọdún 1946 ni wọ́n tó mú òfin náà kúrò. Ní Írẹ́láǹdì, ó di 1973. Nígbà tí àwọn ìyálọ́jà Èkó ń ṣòwò lẹ́yìn ìgbéyàwó láìtọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ìwé ìgbéyàwó lè lé ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kúrò ní ọ́fíìsì. Ẹ wá wò ó, ẹ̀yin òǹkàwé mi: èwo ni àṣà òyìnbó nínú méjèèjì?

Ọdún 1945 fi ọ̀rọ̀ yìí hàn kedere. Ogun Hitler ti gbé owó ọjà sókè, owó oṣù kò sì tó nǹkan mọ́. Ní oṣù kẹfà ọdún náà, àwọn òṣìṣẹ́ tí ó ju 30,000 lọ dá iṣẹ́ sílẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè wà lára àwọn tí ó ṣíwájú, orúkọ Michael Imoudu sì kan káàkiri. Ohun tí wọ́n ń bèèrè ni kí ìjọba fi ìdajì kún owó ìrànwọ́ tí wọ́n fún wọn nítorí ọ̀wọ́n ọjà, kí owó òṣìṣẹ́ tí ó kéré jù sì jẹ́ ṣílè méjì àti sísì lójúmọ́. Àwọn òṣìṣẹ́ ní àwọn ní aya àti ọmọ láti bọ́. Àwọn òyìnbó kan nínú ìjọba dá wọn lóhùn pé àwọn obìnrin Yorùbá ń ṣòwò, wọ́n ń bọ́ ara wọn, nítorí náà owó ìdílé kò tọ́ sí ọkọ wọn. Ìyanṣẹ́lódì náà ju oṣù kan lọ. Ta ni ó ń bọ́ àwọn òṣìṣẹ́ náà ní gbogbo ọjọ́ tí owó kò wọlé? Àwọn ìyàwó tí ń ṣòwò ni, àti àwọn ọlọ́jà Èkó tí Alimotu Pelewura jẹ́ olórí wọn, tí wọ́n dúró ti àwọn òṣìṣẹ́ gbágbáágbá. Ní 1946, ìgbìmọ̀ tí Tudor Davies ṣe alága rẹ̀ fọwọ́ sí i pé kí owó ìrànwọ́ pọ̀ sí i.

Ẹ kíyè sí ohun tí ó fara sin nínú ìtàn yìí. Kí ọkùnrin lè rí owó tí ó tọ́ sí i gbà, ó ní láti pe ara rẹ̀ ní olùpèsè kan ṣoṣo nínú ilé. Kí ìjọba lè fi owó náà dù ú, ó ní láti pe iṣẹ́ ìyàwó rẹ̀ ní ohun tí ó tó gbára lé. Òtítọ́ ni pé àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ ń gbé ilé ró. Ṣùgbọ́n orúkọ olùpèsè lẹ̀ mọ́ ọkùnrin láti ìgbà náà, ó sì ń dun ọ̀pọ̀ wọn títí di òní bí owó ìyàwó bá ju tiwọn lọ.

Ní àkókò yìí kan náà ni àwọn obìnrin tí ó kàwé bẹ̀rẹ̀ sí wọ ẹnu iṣẹ́ ìmọ̀. Stella Thomas di agbẹjọ́rò ní London ní 1933, ó sì di adájọ́ májísíréètì ní 1943. Abímbọ́lá Akérele, tí a mọ̀ sí Dókítà Awóliyì lẹ́yìn ìgbéyàwó, parí ẹ̀kọ́ ìṣègùn ní Dublin ní 1938. Òun ni obìnrin àkọ́kọ́ tí ó ṣe dókítà ní Nàìjíríà. Dókítà ni ọkọ rẹ̀ pẹ̀lú. Ó bímọ, ó tọ́ ọmọ, ó sì di olórí ilé ìwòsàn Massey Street ní 1960. Fọláyégbé Akíntúndé-Ighodalo náà ní ọkọ, ó bímọ. Síbẹ̀ ní 1968 ó di obìnrin àkọ́kọ́ tí ó jẹ́ akọ̀wé àgbà nínú iṣẹ́ ìjọba ní Nàìjíríà, ní Ìwọ̀-Oòrùn. Kò sí ẹnìkan nínú àwọn wọ̀nyí tí ó dá àṣà tuntun sílẹ̀. Àṣà ìyá wọn ni wọ́n gbé wọ inú ilé ẹjọ́, ilé ìwòsàn àti ọ́fíìsì. Ohun tí ó jẹ́ tuntun ni pé ibi iṣẹ́ tiwọn kò gba ọmọ, kò sì sí ìyá àgbà ní iyàrá kejì.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti kan òkè odò. Ní 1924, àjàkálẹ̀ àrùn tí eku ń kó ran ènìyàn bẹ́ sílẹ̀ ní Èkó. Nítorí rẹ̀ ni ìjọba fi dá ìgbìmọ̀ tí ń tún ìlú ṣe sílẹ̀ ní 1928, èyí tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí L.E.D.B. Ìgbìmọ̀ yìí ni ó la Yábàá sí òpó òpó, tí ó pín ilẹ̀ fún àwọn tí ó fẹ́ kúrò nínú èrò Ìsàlẹ̀ Èkó. Kọ́lẹ́ẹ̀jì gíga Yábàá ṣílẹ̀kùn ní 1934, ó sì mú kí àwọn olùkọ́ àti akọ̀wé pọ̀ ní àdúgbò náà. Ilé tí wọ́n kọ́ níbẹ̀ jẹ́ ilé ọkọ kan, aya kan àti ọmọ wọn. Kò ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí gbogbo ẹbí ń jókòó sí.

Àwọn tí ó lọ sí Yábàá fi ẹsẹ̀ ara wọn lọ. Ti Sùúrùlérè kò rí bẹ́ẹ̀. Ní 1955, bí òmìnira ti ń súnmọ́lé, L.E.D.B. bẹ̀rẹ̀ sí wó àárín Èkó, ilẹ̀ tí ó tó éékà 70, kí olú-ìlú lè dára lójú àlejò. Àwọn onílé àti ayálégbé tí wọ́n lé ni wọ́n kó lọ sí ilé tuntun tí wọ́n tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ ní Sùúrùlérè, bíi máìlì márùn-ún sí ọjà wọn. Ilé náà mọ́, omi wà, ojú ọ̀nà tọ́. Peter Marris, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kan, wá ṣe ìwádìí láàárín wọn ní 1958 sí 1959, ó sì tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní 1961. Ohun tí ó bá níbẹ̀ ni pé àwọn tí wọ́n kó lọ kò rí ẹbí wọn bí ti tẹ́lẹ̀ mọ́, nítorí owó ọkọ̀. Àwọn obìnrin tí ń ṣòwò ní Ìsàlẹ̀ Èkó pàdánù oníbàárà wọn. Ìyàwó tí ó ti ń bọ́ ara rẹ̀ wá di ẹni tí ń tọwọ́ bọ àpò ọkọ, ọkọ tí ń san owó ilé àti owó ọkọ̀ kò sì ní tó. Ìjà dé. Àwọn ìyàwó mìíràn padà sí ọ̀dọ̀ ẹbí wọn ní Èkó, kí wọ́n lè rí òwò ṣe.

Ìyá ìyá mi wà lára àwọn tí wọ́n kó lọ. Abọ́ àti àwo ni ó ń tà nítòsí ọjà Balógun. Ó máa ń sọ fún wa pé ní Ìsàlẹ̀ Èkó, òun a fi ọmọ sílẹ̀ fún ìyá ọkọ òun, òun a dé ọjà kí omi tó hó lórí iná. Ní Sùúrùlérè, kí òun tó dé ọjà, owó ọkọ̀ ti jẹ èrè abọ́ mẹ́ta. Ọdún kejì ni ó pa òwò náà tì. Ó ní ọdún náà ni òun àti bàbá wa àgbà kọ́kọ́ jà lórí owó ọbẹ̀. Mo bẹ̀ yín, ẹ gbé ọ̀rọ̀ yìí yẹ̀wò. Kì í ṣe ìgbà tí ìyá náà ń ṣiṣẹ́ ni ìjà wọlé. Ìgbà tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ni.

Ní Múṣin, nǹkan gba ọ̀nà mìíràn. Abẹ́ Ìwọ̀-Oòrùn ni Múṣin wà títí wọ́n fi dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ní 1967, nítorí náà agbára L.E.D.B. kò dé ibẹ̀. Ẹni tí ó bá ní ilẹ̀ a kọ́ ilé oníyàrá púpọ̀, a sì fi yá àwọn ènìyàn. Ó há, ó sì láriwo. Ṣùgbọ́n obìnrin lè tẹ́ àte sí iwájú ilé, aládùúgbò sì lè bá a wo ọmọ. Bí a bá fi ojú ẹwà wò ó, Sùúrùlérè ni ó borí. Bí a bá fi ojú iṣẹ́ àti ọmọ wò ó, Múṣin kò kẹ̀yìn rárá.

Láti ìgbà náà, ọ̀nà ni ó ń gùn sí i. Àwọn tí ń fi ìwé jẹun ń gbé òkè odò, ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì wọn sì wà ní Máríínà àti Broad Street, nígbà tí ó yá, ní Victoria Island. Afárá kẹta tí wọ́n parí ní 1990 kò fi òpin sí sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ. Owó oṣù tún rọ lẹ́yìn ètò SAP ti 1986, kò sì rọrùn mọ́ fún ilé akọ̀wé láti fi owó oṣù kan ṣoṣo jẹun. Nígbà tí olú-ìlú kó lọ sí Àbújá ní oṣù kejìlá 1991, ọ̀pọ̀ ilé òṣìṣẹ́ ìjọba ní Èkó pín sí méjì: ẹnìkan ní Àbújá, ẹnìkejì àti àwọn ọmọ ní Èkó. Ta ni ó wá ń gbé ọmọ? Ọmọ ọ̀dọ̀ ni. Wọ́n mú un wá láti abúlé pẹ̀lú ìlérí ilé-ìwé, ó sì di ẹni tí ń jí ṣáájú gbogbo ilé. Ìwọ̀fà àtijọ́ ni ó pààrọ̀ aṣọ. Bí a bá ń wá ìtìjú nínú ilé àwọn ọ̀mọ̀wé, ibẹ̀ ni kí á wò, kì í ṣe àpò ìwé tí ìyá gbé kọ́ apá.

Àwọn òfin wà. Òfin iṣẹ́ ti 1974 fún aboyún ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ṣáájú ìbímọ àti mẹ́fà lẹ́yìn rẹ̀, pẹ̀lú owó tí kò gbọdọ̀ dín sí ìdajì fún ẹni tí ó ti lo oṣù mẹ́fà lẹ́nu iṣẹ́. Ó tún ní kí wọ́n fún ìyá ọlọ́mú ní ààbọ̀ wákàtí lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ láti fún ọmọ lọ́mú. Òfin rere ni. Ṣùgbọ́n ọmọ wà ní Múṣin, ìyá wà ní Máríínà. Kí ni ó fẹ́ fi ààbọ̀ wákàtí ṣe? Ohun tí òfin fi ọwọ́ ọ̀tún fún un, ọ̀nà fi ọwọ́ òsì gbà á. Ní 2014, ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ní oṣù mẹ́fà fún ìbí méjì àkọ́kọ́, ó sì fún baba ọmọ ní ọjọ́ 10. Ní 2022, ìjọba àpapọ̀ kéde ọjọ́ 14 fún àwọn baba tí ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀. Èyí ni mo kà sí ìgbésẹ̀ tí ó ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo wọn, nítorí pé ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí ìwé ìjọba jẹ́wọ́ pé baba náà ní ọwọ́ tí ó lè gbé ọmọ.

Kí ni a rí kọ́? Ohun mẹ́ta ni ó mú kí iṣẹ́ àti ilé bára mu láyé àtijọ́: owó tí obìnrin lè pè ní tirẹ̀, ọ̀nà tí kò gùn, àti ọwọ́ púpọ̀ nítòsí. Ìmọ̀ ìwé dá owó náà padà fún àwọn kan. Ọ̀nà àti ọwọ́ ni a pàdánù, kò sì sí èyí tí obìnrin fa nínú méjèèjì. Àwọn tí ó tò ìlú ni ó fa ọ̀nà gùn. Àwọn ọkùnrin tí wọ́n gba orúkọ olùpèsè kan ṣoṣo, tí wọ́n fi ọwọ́ wọn sí àpò, ni ó dín ọwọ́ kù.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, láìpẹ́ a ó jáde níhìn-ín, ọ̀pọ̀ wa yóò sì fẹ́ ẹni tí ó kàwé bí àwa. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Kí ọkùnrin tí ó bá fẹ́ jẹ nínú owó oṣù méjì múra láti jẹ nínú iṣẹ́ ilé méjì. Kí ẹni tí ó bá di ọ̀gá iṣẹ́ láàárín wa ya yàrá kan sọ́tọ̀ nínú ọ́fíìsì rẹ̀ fún àwọn ọmọ ọwọ́, kí ààbọ̀ wákàtí òfin 1974 lè ní ìtumọ̀. Kí ẹni tí ó bá sì di ayàwòrán ìlú rántí pé máìlì márùn-ún lè tú ilé tí ìyà kò rí tú. Ilé tí obìnrin ti ń ṣiṣẹ́ ni gbogbo wa ti wá. Bí ilé bá ń jò, òrùlé ni ká tún ṣe. Kí á má ṣe lé ẹni tí ń gbé òpó ró jáde.